AP Biology ní high school Amẹ́ríkà: àwọn ìbéèrè tí òbí àti ọmọ máa ń bi mí, pẹ̀lú ìdáhùn

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ìgbà tí àwọn ọmọ ń mú kíláàsì ọdún tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé, lórí fóònù, lẹ́yìn ìsìn, níbi ìkómọ pàápàá. Mo wá kó wọn jọ síbí. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní high school níbí, Nàìjíríà sì ni mo ti ṣe WAEC tèmi, torí náà mo mọ ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ wa lójú.

Tíṣà, kí ni AP Biology gan-an?

AP ni Advanced Placement. Kóòsì bàọ́lọ́jì ọdún kìíní yunifásítì ni, àmọ́ inú high school ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. College Board, àwọn tó ni SAT, ló ń darí ètò AP, láti ọdún 1955 ló ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà ní August tàbí September, tó bá di May á ṣe ìdánwò tí gbogbo Amẹ́ríkà jọ ń ṣe, tó bá ṣe dáadáa, yunifásítì tó bá lọ lè fún un ní kírẹ́díìtì, ìyẹn ni pé ó ti gba kóòsì kan kọjá kó tó débẹ̀ rárá.

Máàkì méjì ló wà o, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Máàkì kíláàsì, ìyẹn A, B, C, tíṣà ló ń fún un, ó sì máa wà lórí transcript, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ gbogbo máàkì ọmọ sí. Máàkì ìdánwò May, ìyẹn 1 sí 5, College Board ló ń fún un, kì í wọnú GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì kíláàsì, rárá. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti bá wọn parí láàárín òbí àti ọmọ, ibi tí wọn ò ti mọ̀ pé méjì ni ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé bíi WAEC náà ni?

Rárá o. WAEC ni ẹ fi jáde girama, láìsí i tàbí irú ẹ̀ bíi NECO kò sí yunifásítì. AP kì í ṣe dandan, ọmọ lè jáde high school kó wọ yunifásítì gidi láì ṣe AP kankan. Kò sí A1 níbẹ̀, kò sí alternative to practical, wọn ò sì ní ní kó ya àwòrán eyín kó dárúkọ apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ojú WAEC wò ó á ti ṣi ọmọ lọ́nà látìbẹ̀rẹ̀.

Kíláàsì wo ló yẹ kó ti ṣe é, kí ló yẹ kó ti kọ́ tẹ́lẹ̀?

College Board ní kó ti ṣe bàọ́lọ́jì high school àti kẹ́mísírì. Ilé-ìwé míì máa gba ọmọ 10th grade wọlé, òmíràn á ní àfi 11th. Tèmi ni pé kẹ́mísírì yẹn ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, torí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ nípa hydrogen bond, pH, ohun tó fẹ́ràn omi àtohun tí kò fẹ́ omi, ọmọ tí kò tíì gbọ́ ìyẹn rí á máa sáré lẹ́yìn àwọn yòókù títí December. 11th grade, lẹ́yìn kẹ́mísírì, ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Unit mẹ́jọ ni. Àkọ́kọ́ ni kẹ́mísírì inú ohun abẹ̀mí, omi, purotéènì, DNA, ìdá 8 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó nínú ìdánwò. Lẹ́yìn ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀, 10 sí 13. Ẹ̀kẹta ni agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹ́ńsáìmù, photosynthesis àti respiration, 12 sí 16. Ẹ̀kẹrin, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn àti bí wọ́n ṣe ń pín sí méjì, 10 sí 15. Ẹ̀karùn-ún ni àjogúnbá, 8 sí 11, ẹ̀kẹfà ni bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, 12 sí 16. Ẹ̀keje ni natural selection, ìyẹn bí ẹ̀dá tó bá àyíká mu ṣe ń bímọ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ evolution wà, òun ló tóbi jù, 13 sí 20, ecology, ìyẹn ẹ̀dá àti àyíká wọn, ló kẹ́yìn, 10 sí 15.

Ẹ ò rí ọkàn, kídìnrín, ìfun àti eegun níbẹ̀ bíi tiwa. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ara èèyàn ló wù ú kọ́, kó wo Anatomy, kóòsì ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Báwo ni ìdánwò yẹn ṣe rí?

Wákàtí mẹ́ta. Apá kìíní, ìbéèrè 60 tí á mú A, B, C tàbí D, ìṣẹ́jú 90. Apá kejì, ìbéèrè 6 tí á fọwọ́ kọ ìdáhùn sí, ìṣẹ́jú 90 náà. Ìdajì máàkì lápá kìíní, ìdajì lápá kejì. Nínú mẹ́fà yẹn, méjì gùn, máàkì 9 lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin kúrú, máàkì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti May 2025 orí kọ̀ǹpútà ni, ohun tí wọ́n ń lò ń jẹ́ Bluebook, àmọ́ ìdáhùn apá kejì ṣì jẹ́ inú ìwé, bírò ni. Kó ti ṣe ìdánrawò lórí Bluebook ṣáájú, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí calculator wà.

Wọ́n máa fún un ní ìwé fọ́múlà, kò sídìí láti há ìyẹn sórí. Wọn kì í sì yọ máàkì torí ìdáhùn tí kò tọ̀nà, torí náà kó má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Èló ni?

Ní 2025, dọ́là 99 ni fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn ò pọ̀, College Board máa yọ dọ́là 37 kúrò, àwọn ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé míì sì máa ń san ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tijú, ẹ bèèrè lọ́wọ́ kaunsẹ́lọ̀, owó yẹn wà fún yín. Oṣù November ni wọ́n ń fi orúkọ ránṣẹ́, ẹni tó bá pẹ́ á fi dọ́là 40 lé e, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ tí kò wá jókòó náà á san 40.

Kí ni 1 sí 5 yẹn túmọ̀ sí?

5 ló ga jù. 3 ni wọ́n kà sí pé ọmọ tó bẹ́ẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní páàsì. Apá kìíní, kọ̀ǹpútà ló ń máàkì ẹ̀, apá kejì, àwọn tíṣà AP àti olùkọ́ yunifásítì ló máa ń kà á ní June, ọmọ á wá rí èsì ní July.

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye tó máa gbà. Àwọn kan gba 3, àwọn kan ní àfi 4, àwọn kan ní àfi 5, àwọn míì ò tiẹ̀ ní fún un ní kírẹ́díìtì, wọ́n á kàn ní kó bọ́ sí kíláàsì tó ga. Ní Texas, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, òfin kan wà láti 2015 pé kí yunifásítì ìjọba má bèèrè ju 3 lọ àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kí wọ́n bèèrè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo ti yunifásítì tí ọmọ yín fẹ́ lọ gan-an, orí ìkànnì College Board ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jọ sí, ẹ má gba ti ará ilé kejì gbọ́.

Ọmọ mi mọ ìwé yẹn látorí dé ìdí, kí ló dé tó jẹ́ C ló ń gbà?

Ìbéèrè yìí ni mo gbà jù, ó sì máa ń dùn mí torí pé ọmọ yẹn ò ṣọ̀lẹ, ó ń jí láàárọ̀, ó ń kàwé mọ́jú, bó ṣe ń kà á ni ò bá kóòsì yẹn mu. Nílé tiwa, ẹni tó bá ti há a sórí ló mọ̀ ọ́n. AP Biology náà rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, àmọ́ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2012 sí 2013 ni College Board ti tún un ṣe, wọ́n dín ohun tí ọmọ á há sórí kù, wọ́n wá fi ìrònú síbẹ̀. Nísinsìnyí, ìdánwò náà á fún un ní gíráàfù tí kò rí rí, nípa ẹranko tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, á ní kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Wọ́n da kẹ́míkà kan sórí mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe ATP, ìyẹn agbára tó ń ná, kẹ́míkà yẹn ń jẹ́ kí proton máa jò padà gba inú awọ ẹ̀. Wọ́n wá ní, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ATP, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí oxygen tí sẹ́ẹ̀lì ń lò? Ọmọ tó há a sórí á kọ ìpele Krebs cycle kún ojú ìwé kan, gbogbo ẹ̀ tọ̀nà, òdo ló máa gbà. Ọmọ tó yé e á kọ ìlà méjì péré: proton ò kóra jọ sápá kan mọ́ torí náà ATP á dínkù, àmọ́ electron ṣì ń rìn lọ bá oxygen torí náà oxygen tó ń lò ò ní dínkù, ó tiẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó ti gba máàkì ẹ̀ lọ.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ pé "ka chapter 9 fún mi". Ẹ bi í pé, "tí a bá ba èyí jẹ́ ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ síyẹn?" Tó bá lè dáhùn láì wo ìwé, ó ti ń débẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò ní láti mọ bàọ́lọ́jì fúnra yín kẹ́ ẹ tó lè bi í, ẹ máa mọ̀ lójú ẹ̀.

Wọ́n ní láàbù pọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Nínú ìdá mẹ́rin àkókò kíláàsì, ìdá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ láàbù, ó kéré tán mẹ́jọ lọ́dún. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ànàmọ́ òyìnbó, ìyẹn pòtétò. Ọmọ á gé e, á wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, á kó o sínú omi ṣúgà oríṣiríṣi, èyí tí kò ní ṣúgà rárá títí dé èyí tí ṣúgà ẹ̀ jẹ́ 1.0 M (M ni ìwọ̀n bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi), á fi í sílẹ̀ mọ́jú, á tún un wọ̀n. Èyí tó wà nínú omi lásán ti wú, ó le kako, èyí tó wà nínú ṣúgà tó pọ̀ ti rọ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ bu iyọ̀ sí ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ wá rí i pé ó ń sun omi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, omi ń lọ síbi tí nǹkan ti pọ̀ nínú ẹ̀.

Á wá ya gíráàfù. Ibi tí ìlà ti gé òdo kọjá ni pòtétò ò ti gba omi tí kò sì sun omi. Tó bá jẹ́ 0.3 M, tí yàrá wà ní 22°C, á fi sínú fọ́múlà solute potential, −iCRT (i jẹ́ 1 fún ṣúgà, C ni 0.3, R ni 0.0831, T ni 22 + 273): 1 × 0.3 × 0.0831 × 295, ìyẹn 7.35, á fi àmì òdì síwájú ẹ̀, −7.35 bar. Àmì òdì yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbàgbé.

Ṣé ìṣirò wà níbẹ̀? Ọmọ mi ò fẹ́ràn ìṣirò o.

Ó wà, àmọ́ kò le, ọmọ tó mọ ìdá àti square root ti ní ohun tó nílò. Chi-square wà, ìṣirò tó ń wò ó bóyá ohun tá a rí yàtọ̀ sí ohun tá a retí, níbi tí á ti máa rántí 3.84 bí orúkọ ara ẹ̀, torí ìyẹn ni iye tó máa kọjá nígbà tó bá jẹ́ pé degree of freedom kan ló wà. Standard error wà, ìyẹn bí ìpíndọ́gba ṣe lè yà tó. Hardy-Weinberg wà, ìṣirò bí jíìnì ṣe pín láàárín àwọn èèyàn, èyí tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀ ṣe é, AS àti SS. Ní Nàìjíríà, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bá bí, nǹkan bí 20 ló máa ń ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìdá jíìnì A là ń pè ní p, ti S ni q, SS sì ni q², 20 nínú 1,000 jẹ́ 0.02, q² nìyẹn. Wá square root ẹ̀, q jẹ́ nǹkan bí 0.14. Yọ ọ́ kúrò nínú 1, p jẹ́ 0.86. Àwọn AS ni 2pq, 2 × 0.86 × 0.14, ó jẹ́ 0.24. Ìyẹn ni pé nǹkan bí èèyàn 24 nínú 100 ló jẹ́ AS, ẹni kan nínú mẹ́rin. Iye tí World Health Organization náà kọ sílẹ̀ fún Nàìjíríà nìyẹn, 24.

Ọjọ́ tí mo ṣe é lójú pátákó, ọmọ Yorùbá kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀, ó gbójú sókè, ó ní "so ìdí tí mọ́mì mi ṣe ń pariwo genotype nìyẹn." Kò gbàgbé Hardy-Weinberg mọ́ títí ọdún fi parí.

Báwo ni kí n ṣe máa kàwé ẹ̀? (ọmọ ló bi mí)

Má dúró de April. Lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pa ìwé dé, mú bébà òfìfo, ya ohun tó o kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn látinú orí ẹ, fi ọfà so wọ́n pọ̀, kó o tó ṣí ìwé wo ibi tó o ti fò. Ó máa ń dun èèyàn, ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ń wọlé. Kíka ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú bírò aláwọ̀ yẹ́lò, ó kàn ń jẹ́ kó o rò pé o mọ̀ ọ́n ni.

Èkejì, mú ohun kan kó o máa tẹ̀ lé e káàkiri unit. Mú fòníkú-fọ̀ladìde yẹn. Lẹ́tà DNA kan ló yí padà, GAG di GTG, unit 6 nìyẹn. Torí ẹ̀, amino acid kẹfà tó yẹ kó jẹ́ glutamic acid di valine, valine ò fẹ́ omi, torí náà tí oxygen bá dínkù, hemoglobin, ìyẹn purotéènì tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, unit 1 nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ. Bàbá AS, ìyá AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, unit 5. Ọdún 1954 ni Anthony Allison tẹ ìwádìí ẹ̀ láti East Africa jáde pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn AS, ìdí nìyẹn tí jíìnì yìí ò fi parẹ́ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, unit 7. Àrùn kan ṣoṣo, o ti ka kóòsì yẹn kọjá ìdajì. Ìdánwò náà máa ń fẹ́ràn kí èèyàn so nǹkan pọ̀ báyẹn.

Ẹ̀kẹta, àwọn ìbéèrè apá kejì ti ọdún tó ti kọjá wà lórí ìkànnì College Board lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe fún wọn ní máàkì. Ṣe ọ̀kan lọ́sẹ̀ láti January, kó o máàkì ara ẹ láìṣojúsàájú.

Apá kejì yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní máàkì?

Kókó kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì ẹ̀, gígùn ò ní máàkì. Kó wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè. Identify, dárúkọ ẹ̀ kó o máa lọ. Describe, sọ bó ṣe rí. Explain tàbí Justify, sọ ìdí, láìsí "torí pé" nínú ìdáhùn kò sí máàkì. Predict, sọ ibi tó ń lọ, ó ń pọ̀ ni àbí ó ń dínkù.

Ọmọ á kọ pé "ẹ́ńsáìmù ò ṣiṣẹ́ mọ́ torí ooru". Òdo. Kó kọ pé ooru tú àwọn ìdè tó di purotéènì yẹn mú, ojúbọ̀ tí substrate, ìyẹn ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ń gbà wọlé yí padà, substrate ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Máàkì nìyẹn. Tí gíráàfù bá sì ní error bar, ìyẹn ìlà kékeré tó ń fi bí iye ṣe lè yà tó hàn, kó wò ó bóyá wọ́n kan ara wọn, torí tí wọ́n bá kan ara wọn kò lè fi í sọ pé méjèèjì yàtọ̀, bó ti wù kí ọ̀pá kan ga ju ìkejì lọ tó. Àwọn ọmọ tó ń gba 4 àti 5, ibí ni wọ́n ti máa ń yà kúrò lára àwọn yòókù.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, SS2 ló wà, ṣé ó lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Ọmọ tó ti ka bàọ́lọ́jì SS1 àti SS2 dáadáa mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ níbí lọ, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn kì í bà á. Ohun tó máa ń dà á láàmú ni gíráàfù àti pé kó dá sọ èrò tiẹ̀ níwájú tíṣà, ìyẹn á wá díẹ̀díẹ̀.

Ìṣòro tó tóbi jù kì í tiẹ̀ ṣe ti ọmọ. Mo ti rí ilé-ìwé kan tí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí bàọ́lọ́jì 9th grade torí pé kò sẹ́ni tó ka èsì ẹ̀, odindi ọdún kan ṣòfò. Ẹ mú report card gbogbo tẹ́mù dání, ẹ kọ syllabus tó ti kà sílẹ̀, ẹ ní kí kaunsẹ́lọ̀ jókòó tì yín kẹ́ ẹ jọ wò ó. Ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ o, àmọ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba èsì.

Ilé-ìwé wọn ò ní AP Biology, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò parí. Ìdánwò náà ò béèrè pé kó ti jókòó sí kíláàsì. Ó lè dá kà á, tàbí kó ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wá ilé-ìwé tó máa gbà á láti ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ wọn, September ló ti yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kò gbọdọ̀ di November. Láàbù nìkan ni mo máa ń ṣàníyàn lé lórí fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò fọwọ́ wọ̀n pòtétò yẹn rí, ìbéèrè nípa ẹ̀ á ṣàjèjì sí i.

AP, dual enrollment àti IB, èwo ló dáa jù?

Dual enrollment ni pé ọmọ lọ jókòó sí kíláàsì community college gan-an, tó bá ti páàsì kóòsì yẹn ó ti ní kírẹ́díìtì, kò dúró lórí ìdánwò ọjọ́ kan. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ọmọ tí àyà ẹ̀ máa ń já lọ́jọ́ ìdánwò. Àmọ́ máàkì tó bá gbà níbẹ̀, ti yunifásítì ni, ó máa tẹ̀ lé e dé ibi tó bá ń lọ, títí kan ilé-ìwé ìṣègùn. D kan ní ọmọ ọdún 16 á ṣì wà níbẹ̀. Tí yunifásítì ìjọba ní ìpínlẹ̀ yín ló ń lọ, kírẹ́díìtì dual enrollment máa ń rọrùn láti gbé wọlé, tó bá jẹ́ ti aládàáni níbòmíì, AP ni wọ́n mọ̀ jù. IB, ìyẹn International Baccalaureate, dáa, ọdún méjì ni ní Higher Level, àmọ́ ilé-ìwé tó bá ní in nìkan ni ọmọ ti lè ṣe é.

A ló gbà nínú kíláàsì, 2 ló gbà lóṣù May, ṣé tíṣà ń tàn wá ni?

Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá àti extra credit ló gbé A yẹn dúró. Ẹ wo máàkì test nìkan, ẹ yọ homework kúrò, ẹ máa rí òótọ́ láti December. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí náà máa ń ṣẹlẹ̀.

2 yẹn ò ba ayé ẹ̀ jẹ́. Kò wọnú GPA. Òun ló máa yan bóyá kó fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, ó lè san dọ́là 10 kí wọ́n má fi han yunifásítì kan, ó sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ pátápátá lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti pa á rẹ́ kò ní padà wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà án lọ́rọ̀ torí ẹ̀. Ọmọ tó gba 2, tí ìdajì kóòsì yẹn sì yé e, ó máa rọrùn fún un ní yunifásítì ju ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lọ.

Dókítà ni ọmọ mi fẹ́ jẹ́. Tó bá gba 5, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ bàọ́lọ́jì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Yunifásítì lè fún un ní kírẹ́díìtì, kí ilé-ìwé ìṣègùn tó fẹ́ lọ lẹ́yìn ẹ̀ má gba kírẹ́díìtì AP yẹn fún bàọ́lọ́jì tí wọ́n ń béèrè. Àwọn kan gbà á, àwọn kan ní àfi tó bá tún ṣe bàọ́lọ́jì míì tó ga jù ú lọ ní yunifásítì, àwọn kan ò gbà á rárá. Mo mọ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ọdún kẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, wọ́n wá padà lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó lo 5 yẹn láti bọ́ sí Genetics tàbí Cell Biology, kó má fi í sá fún bàọ́lọ́jì. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, Anatomy and Physiology àti Microbiology ni wọ́n máa béèrè, AP Biology kì í dípò ìyẹn.

Inú ìgbàgbọ́ la ti tọ́ ọmọ yìí, kí ni ká ṣe sọ́rọ̀ evolution?

Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè yìí, èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ìdánwò náà ò ní bi í ohun tó gbà gbọ́. Á fún un ní ẹ̀rí, á ní kó sọ ohun tí ẹ̀rí yẹn fi hàn: DNA ẹ̀dá méjì tó jọra, kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ torí pé àwọn tó kú ti kú àwọn tó kù ló ń bímọ, AS tí ibà ò lè pa bó ṣe ń pa AA. Nǹkan wọ̀nyí, ẹ ti ń fojú rí wọn nílé yín kó tó wọ kíláàsì.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má sọ fún un pé kó fò ó. Unit tó tóbi jù nìyẹn, ó sì tún wọnú àwọn yòókù. Òbí kan ní kí ọmọ ẹ̀ má kọ nǹkan kan síbẹ̀, ọmọ yẹn jókòó ó ń wo bébà, ó mọ ìdáhùn, ó ń bẹ̀rù ilé. Kí ọmọ má bọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ nílé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọ́ ohun tó wà níwájú ẹ̀ dáadáa.

Ọmọ náà ní òun ò ṣe, èmi ni mo fẹ́ kó ṣe é. Ṣé kí n fi dandan lé e?

Ẹ kọ́kọ́ bi í ìdí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á, tí B wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú kẹ́mísírì, ẹ lè tì í díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dúpẹ́ nígbà tó bá yá. Tó bá jẹ́ pé ó ti mú AP mẹ́rin míì, ó ń ṣe track, ó ń tọ́jú àbúrò nírọ̀lẹ́ torí pé ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àárẹ̀ ni ọmọ yẹn ń sọ, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tàbí ìtàn ló wù ú, AP tiwọn wà, iyì wọn ò kéré.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní ọjọ́ kan tí ọmọ lè fi kíláàsì sílẹ̀ láì jẹ́ kó hàn lórí transcript, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tiẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ kaunsẹ́lọ̀ ní August, ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà, kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n.